Àna Alága La Fi Ṣe Olùyẹ̀wò Ìwé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ̀ mí débi pé ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá ti sú mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú ilé iṣẹ́ kajú tiwa.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Arzèkè. Nígbà tí àwa ará Ṣábẹ̀ tó wà ní Parakou dá owó jọ láti máa ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo kó owó tí mo fẹ́ fi kọ́lé sí Banikanni síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀! Àgbàlagbà tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún la fi ṣe Alága.

Wọ́n ní òfin fẹ́ kí a ní ẹnìkan tí yóò máa yẹ ìwé owó wa wò. Ta ló dìde nípàdé pé kí a má fowó ṣòfò lórí àlejò, pé Máséèlì, ọkọ ọmọ Alága, mọ ìṣirò, yóò sì bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Èmi ni o! Wọ́n tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́dọọdún ni Máséèlì ń kà á sí wa létí pé gbogbo nǹkan pé. A ó jẹun, a ó sì túká.

Lọ́dún yìí, a fẹ́ yá owó ní báńkì. Báńkì rán ìyáàfin kan wá, kò dàgbà púpọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ Máséèlì bóyá ó wọ ilé ìkẹ́rù lọ ka àwọn àpò kajú tó kọ sínú ìwé. Máséèlì wolẹ̀. Ó ní Bàbá ló sọ iye tó wà níbẹ̀ fún òun.

"Madáàmù, bàbá ìyàwó mi ni wọ́n. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí n kà á?"

Ta ni nínú wa tó jẹ́ wo àna rẹ̀ lójú?

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn àpò iwájú, kajú ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn, èèpo ẹ̀pà ni! Alága ní òun ti ta kajú ibẹ̀ láti fi san gbèsè ọkọ̀ òun, pé òun máa dá a padà. Báńkì kò yá wa ní fráǹkì kan. Mo wá ẹni tó máa ra ìpín mi, àwọn èèyàn ń wò mí bí ẹni tó gbé òkú ewúrẹ́ wá sọ́jà.

N kò tilẹ̀ lè bínú sí Máséèlì. Ara mi ni mò ń bínú sí.

Nípàdé tó kọjá, wọ́n fẹ́ tù mí nínú. Wọ́n ní kí àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣe kọ́ńtábù, ìyẹn olùṣírò owó, fún oníṣòwò kan ní Zongo, wá máa yẹ ìwé wa wò. Ẹ gbọ́, ó wù mí! Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́. Àfi bí mo ṣe dìde, tí mo ní rárá, kí a wá ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa tan, kí a sì sanwó fún un. Àbúrò mi kò tíì pè mí láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kí ẹ tó kó owó síbi kan, ẹ béèrè ẹni tó ń yẹ ìwé wọn wò, kí ẹ sì béèrè ọmọ ẹni tí ẹni náà fẹ́ níyàwó. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.