Àkàbà Ni Ọlọ́pàá Mú

Bàbá Ọlọ́dà kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà lórí àkàbà, ó ń kun ògiri ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa. Mo gbọ́ ìró kan, pàá, bí ìgbà tí okùn kànga bá já. Mo rò pé ilẹ̀kùn ni. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe ré kọjá lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò pariwo. Orí rẹ̀ fọ́ mọ́ etí kọnkéré. Garawa ọ̀dà funfun dà lé e lórí, ẹ̀jẹ̀ sì la àárín ọ̀dà náà kọjá. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi di orí náà mú. Nítorí náà, ẹ má retí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù lẹ́nu mi lónìí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ó ti gun àkàbà fún ogójì ọdún, kò já bọ́ rí. Kì í ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ní kó ṣe kíá, á ní, "Ògiri ò ní sá lọ, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin lẹ ń sáré." Nígbà tó kun ilé mi, ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ àwọ̀ kan tí kò sí nínú gbogbo garawa tó gbé wá. Bàbá Ọlọ́dà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń po ọ̀dà mọ́ ọ̀dà, ó ń bi ọmọ ọdún mẹ́fà léèrè pé, "Ṣé ó ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí, ìyá mi?" títí ọmọ fi ní ó ti rí bẹ́ẹ̀. Irú ẹni tí wọ́n pa nìyẹn.

Mo ní wọ́n pa á, n kò sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú, ìtọ̀ ń ta á, ibà mú un, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, dókítà sì kọ oògùn apakòkòrò àrùn kan fún un, èyí tó lágbára, tí a kì í tà láìsí ìwé dókítà. N kò bú oògùn náà o. Bí kòkòrò bá wọ kíndìnrín, tí àwọn oògùn kéékèèké ò ràn án, òun ni wọ́n ń ké pè. Láàárín ọjọ́ méjì, ibà Bàbá Ọlọ́dà ti lọ. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà a máa bá iṣan tó so ẹran mọ́ egungun jà. Ó lè sọ iṣan gìgísẹ̀ di okùn gbígbó, pàápàá lára ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó tún ń lo hóró oògùn tí wọ́n fi ń mú wíwú ọ̀nà èémí walẹ̀ fún oníkọ́ fée. Bàbá Ọlọ́dà ti lé ní ọgọ́ta. Ó ń lo oògùn ikọ́ fée. Méjèèjì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì rẹ̀.

Kò yẹ kó jẹ́ èmi ni n óò máa sọ èyí. Ìwé tó wà nínú páálí oògùn náà ti sọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá dúdú: bí gìgísẹ̀ bá ń dùn ọ́, dá oògùn dúró, má fi ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́, lọ rí dókítà kíá. Ṣé Bàbá Ọlọ́dà rí ìwé náà? Ó rí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ní yàrá ìgboògùn wọn, wọ́n ń tú hóró oògùn kúrò nínú páálí, wọ́n ń kà á ní mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá, wọ́n sì ń ya ìwé ìkìlọ̀ yẹn sí mẹ́rin láti fi dì í. Ìyàwó rẹ̀ gbé èyí tó kù wá fún mi, hóró méjì. Mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì mi. Ohun tó wà lórí ìdá tó kan Bàbá Ọlọ́dà ni pé kí a gbé oògùn síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún.

Mo lọ bá ọ̀gá yàrá ìgboògùn náà. Kò tilẹ̀ fi pa mọ́. Ó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ kan tó kún fún ìwé yíya, ó ní, "Bébà ìdioògùn ti tán láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí la fẹ́ fi dì í?" Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn: ohun kan ṣoṣo tó pọ̀ rẹpẹtẹ nílé ìwòsàn yẹn ni ìkìlọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń fà ya.

Ní ọjọ́ Ajé, gìgísẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Òun àti ìyàwó rẹ̀ padà lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní tálákà kì í béèrè, ẹ wá gbọ́ bó ṣe béèrè lójú fèrèsé yàrá ìgboògùn, lọ́wọ́ obìnrin tó ń ka hóró.

"Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ni o. Ó ń fà mí."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín, bàbá?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Ó tán nìyẹn. Àgbà ló dé. Ẹ máa lo oògùn yín lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró láàárín o."

Ìyàwó rẹ̀ ní obìnrin náà ò gbójú sókè kúrò lórí hóró tó ń kà.

Èmi náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i tó ń tiro lọ sídìí àkàbà. Mo ní, "Bàbá, ijó wo lẹ jó lánàá?" Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní àgbà ló dé, ọ̀gá mi. Ṣé kí n wá lé e padà ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo gòkè lọ. 

Kí wá ni ìjọba ṣe? Ọlọ́pàá dé, wọ́n wo òkú, wọ́n wo òkè, wọ́n sì mú àkàbà. Mo fi ojú mi rí i lẹ́yìn káńtà wọn, wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ irin fèrèsé, wọ́n gbé nọ́ńbà kọ́ ọ lọ́rùn. Àkàbà tó dúró gbọingbọin, tí kò yẹ̀ kúrò níbi tí Bàbá Ọlọ́dà gbé e sí! Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Opó rẹ̀ ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́.

Nílé ìwòsàn, mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òkú. Iṣan náà ti já pátápátá. Àtàǹpàkò dókítà wọ inú kòtò ibẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ máa kọ ìyẹn sílẹ̀?" Ó ní, "Ọ̀gá, ìyẹn kọ́ ló pa á. Orí tó fọ́ ló pa á." Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ikú pé ó já bọ́ láti òkè, ó parí. Bí èmi bá ti dókítà yìí sínú kànga lọ́la, ṣé omi ni wọn yóò mú?

Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa fa ìwé náà ya? Ta ló mọ̀, tó dákẹ́? Ẹni mélòó ló ń tiro kiri báyìí, tí wọ́n ti sọ fún pé àgbà ló dé? Ẹ tú àkàbà sílẹ̀, kí ẹ wá pe àwọn tó lẹ́nu láti dáhùn. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti opó Bàbá Ọlọ́dà yóò dúró lójú fèrèsé yàrá ìgboògùn yẹn, pẹ̀lú hóró méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin ìwé ìkìlọ̀. A ò wá gba oògùn. A ó dúró síbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi mú kálàmù, tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé ikú rẹ̀ pé iṣan ọkùnrin yìí ti já kó tó já bọ́, àti ohun tó já a.