Ọjọ́ tí Ìyá Onílé Kágò

Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́ omi ní Àpápá, òórùn àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀, kí òórùn ẹrẹ̀ àti epo ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Títí dòní, bí mo bá kọjá níwájú ilé búrẹ́dì tí òórùn yẹn kàn mí nímú, yàrá wa ìgbà náà ni mo máa ń rí: bẹ́ẹ̀dì onírin, àpótí aṣọ ọkọ mi, kọ́tìnnì olódòdó lẹ́nu ọ̀nà. Ilé náà kò jìnnà sí Bọ́ńdárì, níbi tí títì ọlọ́dà àwọn òyìnbó Àpápá ti parí, tí yanrìn tiwa bẹ̀rẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn, ilé ìdáná kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn fún gbogbo wa, ìyá onílé sì wà ní yàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde kí wọ́n má rí i. Àwórì ni wọ́n, ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ti bí wọn ládùúgbò náà kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ́ èbúté síbẹ̀.

Kétu ni wọ́n ti bí èmi, Kétu tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dàhómì nígbà yẹn. Ìmẹ̀kọ ni bàbá ọkọ mi ti wá, ní apá Nàìjíríà, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà oko mọ̀ pé èèyàn lè jẹun àárọ̀ ní ọ̀kan kó jẹun alẹ́ ní èkejì. Ohùn kan náà là ń sọ. Òyìnbó ló fa ìlà sáàárín wa, àwa tá a ń kọjá lórí ìlà ọ̀hún kò tilẹ̀ rí i. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi mú mi dé Ajégúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, wọ́n gbọ́ pé ará Ìmẹ̀kọ ni ọkọ mi, ó parí. Èmi náà ò sì wí nǹkan kan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ parọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí kò bá bini, kí lèèyàn fẹ́ dá a lóhùn?

Bí ìyá onílé bá fẹ́ rí ayálégbé kan, wọ́n á dúró síta kọ́tìnnì, wọ́n á ní, "Àgò onílé o," ẹni tó wà nínú á ní, "Àgò yà," kí wọ́n tó wọlé. Wọn kì í kágò lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á kàn gbá kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á wọlé bá mi, ì báà jẹ́ pé mò ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á ṣí ìkòkò mi wò, wọ́n á ní iyọ̀ ọbẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fẹ́ asẹ́ mi, wọ́n á mú un lọ; ìgbà tí mo bá ń wá a ni mo máa ń mọ̀. Ó máa ń bí mi nínú, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà ni wọ́n wẹ ọmọ mi àkọ́kọ́ fún oṣù mẹ́ta, àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bo ibi ọmọ náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé lábẹ́ igi àgbọn. "Ìwọ yìí" ni wọ́n sì máa ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ tí wọ́n bí.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù káàkiri etíkun ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́. Yóò wà nílé ní ọ̀sẹ̀ kan, yóò lọ fún oṣù méjì. Àárò rẹ̀ máa ń sọ mí débi pé mo máa ń gbé ọmọ sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́, màá rìn lọ síbi tí mo ti lè rí orí àwọn ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, ó wà nílé nígbà tí ọkọ̀ kan kó àwọn tó ń bọ̀ gúnlẹ̀ sí wáàfù Àpápá. Ó lọ wò wọ́n. Ó rí ọkùnrin kan tó gbé ọmọ kékeré kọ́rùn, tí méjì tún di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó sì bi í pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́. Ọkùnrin náà ní ọmọ Gánà ni, kò ní ìwé kankan tó lè fi wọ Nàìjíríà, ó kù sọ́hùn-ún.

Ọkọ mi délé, kò lè jẹun. Ó ń wo àwọn ọmọ wa méjèèjì tí wọ́n sùn sórí ẹní. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ibí ni wọ́n ti ní kí àlejò máa lọ, àwọn yìí ò ní lọ. Tèmi ni wọ́n, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa mú." Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń wẹ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn á sọ sí mi lọ́kàn, ọwọ́ mi á dúró.

Ó gba fọ́ọ̀mù tí aya ọmọ Nàìjíríà fi ń di ọmọ Nàìjíríà, ó buwọ́ lù ú, ó mú mi lọ sí kóòtù kí a lọ búra pé tọkọtaya ni wá, torí nílé la ti ṣe ìgbéyàwó wa, a ò ní ìwé. Ohun tó kù kò ju ẹlẹ́rìí kan lọ, àgbàlagbà tó mọ̀ mí, tí yóò wá sọ pé lóòótọ́ ni mo ti Kétu wá, pé mò ń bá ọkọ mi gbé, pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni mí. Ó ní kí n bẹ ìyá onílé. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ rẹ̀ ṣí.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ojú ń tì mí láti sọ fún ìyá onílé pé láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lábẹ́ òrùlé wọn, n kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Mo kàn ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àpápá. Wọ́n fẹ́ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́." Wọn ò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń kírun Jímọ̀, wọ́n wé gèlè, a sì wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, akọ̀wé kan ló ń túmọ̀. Wọ́n ní kí ìyá fi Àlùkùránì búra, wọ́n búra. Akọ̀wé bi wọ́n pé, "Ìyá, ibo ni obìnrin yìí ti wá?" Ìyá wò mí, wọ́n wo aṣọ kakí tó wà lọ́rùn ọ̀gá, mo sì rí i tí ojú wọn yí padà. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n lé ní Gánà ṣì wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ìyá ti rò pé ìjọba fẹ́ lé mi ni.

"Ilé mi ló ti wá," ni wọ́n wí. "Ọmọ wa ni. Kò síbi tó ń lọ."

Akọ̀wé ní, "Ìyá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọmọ Dàhómì ni."

"Ẹni tó kọ ọ́ ló parọ́. Ibi ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé mi. Bó bá wù yín, ẹ wá hú u wò."

Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ọ̀gá sì ń kọ ọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kò tíì kàn mí. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó gbé bírò sílẹ̀. Kò jágbe, kò bínú. Ó ní ìwé tí mo mú wá sọ pé Kétu ni wọ́n ti bí mi, ẹlẹ́rìí mi sì ti búra pé ọmọ ilé àwọn ni mí. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ilé, kí ni mò ń wá lọ́dọ̀ wọn? Bí n kò bá jẹ́ ọmọ ilé, a jẹ́ pé ìyá arúgbó yìí búra èké. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìyá padà wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ti fáìlì mi pa.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá onílé ò gbọ́ ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀, inú wọn dùn gan-an. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Wọn ò lè lé ẹ mọ́," ni wọ́n ń sọ. "Mo ti sọ fún wọn." Títí a fi dé Bọ́ńdárì ni wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó sọ òótọ́ fún wọn, nílé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ti Kétu, mo sọ ohun tí ọ̀gá wí. Ọwọ́ wọn ò kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ pé n ò mọ̀ ẹ́ rí ni?"

"Rárá o, ìyá. Kí ẹ sọ pé àlejò ni mí."

"Èmi ò ní fi ẹnu mi ti ọmọ síta." Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà wọn, wọ́n wọlé lọ.

Ìyàwó ará Wàrí tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Madam, na so? You no be our person?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àgànyìn, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwọn tó ti ìhà ọ̀hún wá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi jà, kò sẹ́ni tó fi oúnjẹ dù mí. Àmọ́ bí mo bá ti wọ ilé ìdáná, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á rántí pé òun ní nǹkan lórí iná. Mo wá rí i pé kí n tó lè di ara wọn nínú ìwé, àfi kí n kọ́kọ́ sọ fún gbogbo wọn pé n kì í ṣe ara wọn, ọkọ mi sì wà lórí omi, kò mọ nǹkan kan. Mi ò dá wà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, pẹ̀lú gbogbo ariwo inú ilé yẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, mo lọ bá ìyá onílé ní yàrá wọn. Mi ò bẹ̀ wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ọkọ mi rí ní wáàfù ni mo sọ, àti àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Wọ́n wá ní, "Ta ló ń wẹ àwọn ọmọ náà?" Mo ní mi ò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí bá wọn lórí ìjókòó níwájú ilé, wọ́n ti wọ aṣọ funfun yẹn, wọ́n ń dúró dè mí.

Akọ̀wé kan náà ló bi wọ́n pé ta ni mo jẹ́ sí wọn. Wọn ò wo ibi tí mo wà. Ògiri ni wọ́n ń wò. "Àlejò ni," ni wọ́n wí. "Kétu ló ti wá. Ayálégbé mi ni." Ọ̀gá kọ ọ́, ó tẹ òǹtẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn tẹ íńkì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tá à ń padà, wọ́n ń fi etí ìró wọn nu íńkì náà, wọ́n ń nu ún, kò kúrò. Ní Bọ́ńdárì, àwọn nìkan ni wọ́n dá sọdá títì, mo sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi pé, "Àgò onílé o." Mo ní, "Àgò yà," mo ń retí kí ẹni náà wọlé, kò wọlé. Mo gbé kọ́tìnnì sókè. Ìyá onílé ni, wọ́n mú asẹ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ wọlé, kí lẹ ń ṣe síta?" Wọ́n ní, "Ó tì o. Mo ní kí n dá asẹ́ yín padà ni." Asẹ́ yín. Èmi tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jù lọ, tí mo kéré sí àbíkẹ́yìn wọn. Wọn ò ní ìkanra kankan lójú o, ohùn wọn sì tutù. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Ìwé náà jáde. Mo fi káàdì Dàhómì mi sílẹ̀, mo búra, wọ́n fún mi ní bébà tó ní òǹtẹ̀ pupa nídìí. Ọkọ mi dé, ó pa adìẹ, ó ń fi ìwé náà han gbogbo èèyàn. Ìyá onílé wá dúró síta kọ́tìnnì, wọ́n kágò, wọ́n ní, "Ẹ kú oríire." Ọkọ mi ò rí nǹkan kan tó yàtọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá sọ fún un pé wọ́n kágò, ó máa ní ṣé kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìyẹn ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mi ò ní purọ́ pé ìwé yẹn ò wúlò. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tó kan ìjọba tiwa náà láti lé àlejò, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń wo àwọn tá a jọ ti ìhà kan wá tí wọ́n ń di ẹrù, àwọn ọmọ mi sì wà lẹ́yìn mi nínú ilé. Bí wọ́n bá tún ní kí n yàn lónìí, ìwé náà ni màá yàn. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tá a ṣì wà nílé wọn, ìyá onílé dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo po ẹ̀kọ gbígbóná, mo fi mílíìkì sí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo gbé e lọ. Ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo dúró síta, mo ní, "Àgò o, ìyá." Wọn ò dáhùn. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún, bí ìgbà tí èèyàn yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Mo tún kágò. Mo dúró títí ẹ̀kọ fi tutù lọ́wọ́ mi, mo rò pé bóyá wọ́n ti sùn, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kú.

Mo ti rò ó títí, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ mi. Wọ́n ń dúró wò mí ni. Ọmọ ì bá ti wọlé.