Fíìmù Tí Mo Yàn fún Ìbejì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé bákan náà ni gbogbo fíìmù, ẹ má dá a lóhùn. Èmi tí mo ya fọ́tò títí ní Dougouba, nílùú Bouaké, mo mọ ìwà wọn. Fíìmù tí wọ́n kọ irinwó sí lára ò bẹ̀rù òkùnkùn, ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá, á mú un. Àmọ́ á da nǹkan bíi gààrí sójú èèyàn. Ọgọ́rùn-ún ni tèmi. Á fi òwú aṣọ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mira níwájú ẹ̀ ló ba tiẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí owó séfà wó, fíìmù wọ́n bí imí eégún. Ìgbà yẹn náà ni àwọn tí a jọ ń ra búrẹ́dì láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwa Yorùbá pé ìgbà wo lẹ̀yin Anago máa relé. Kámẹ́rà onígi tèmi, fíìmù ẹyọ kan là ń ki sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ku irinwó ẹyọ kan, ọgọ́rùn-ún ẹyọ kan, lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì fa ọmọ ẹ̀ obìnrin wọlé. Àwọn ọlọ́pàá ti fa ìwé ìgbélùú ọkọ ẹ̀ ya lọ́nà Diabo; ọjọ́ kejì ni wọ́n ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìkejì ọmọ náà ti kú, ibí ni wọ́n sin ín sí.

Ó ní, “Bọ̀dá onífọ́tò, mi ò ní fọ́tò àwọn méjèèjì. Ẹ bá mi so wọ́n pọ̀. Mi ò lè gbé ilẹ̀ dání.”

Ohun tó ń wí yé mi. Ilé ìmàle ni tiwọn, wọn kì í gbẹ́ ère ìbejì. Fọ́tò ló ń dípò ẹ̀. Màá fi páálí dúdú bo ìlàjì ojú kámẹ́rà, ọmọ á jókòó lápá òsì. Lẹ́yìn náà, màá bo ìlàjì kejì, ọmọ á bọ́ sí apá ọ̀tún, lórí fíìmù kan náà, á wá dà bí ọmọ méjì.

Ọgbọ́n ní kí n lo irinwó. Mo wo ojú ọmọ náà, mo ro gààrí yẹn, ọkàn mi kọ̀ ọ́. Mo ki ọgọ́rùn-ún bọnú kámẹ́rà.

Lẹ́ẹ̀kíní, ó ranjú mọ́ mi. Lẹ́ẹ̀kejì, bí mo ṣe ń yà á, ó yíjú sí àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Mo pòṣé. Kí n tó mú irinwó, ó ti bú sẹ́kún, ó ní òun ò jókòó mọ́.

Mo fọ fíìmù náà pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tó kan pépà tí fọ́tò máa hàn lára ẹ̀, ìyá dúró tì mí lábẹ́ iná pupa. Ojú méjì yọ díẹ̀díẹ̀ nínú àwo omi oògùn, kò sí èyí tó dàrú. Ọmọ kan ń wò wá. Èkejì ń wo ti àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. 

Ìyá fọwọ́ kan etí àwo náà. “Èyí tó ń rẹ́rìn-ín yìí, òun ló kú. Èyí tó kù ò tíì rẹ́rìn-ín látìgbà tí a ti sin ín.”

Èmi ni mo di páálí mú, mo mọ iye ọmọ tó jókòó. Síbẹ̀, nígbà tí fọ́tò náà gbẹ, ọmọ méjì ni mo kọ sẹ́yìn ẹ̀.