Omi Tí A Kò Dà Nù

Ọgbọ̀n ọdún ni bọ̀ọ̀dá mi fi ṣe iṣẹ́ plọ́mbà ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó wá bá mi ní Manchester. Ilé tí wọ́n bá ti fa omi sí, ẹlòmíràn kì í tún un ṣe lẹ́yìn wọn. Níbí, ilẹ̀ ni wọ́n ń nù ní pápákọ̀ òfurufú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àga ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, "bàbá yẹn" sì ni ọ̀pọ̀ ń pè wọ́n. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ síta. Àìsọ̀rọ̀ síta mi yìí ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì ra káráfáànù àlòkù kan, ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà. Wọ́n gbé e sí igun oko kan lórí òkè lókè Oldham, kí àwa náà lè ní orí òkè tí a ó ti máa gbàdúrà nígbà òtútù. Ẹni tó tà á ti sọ pé ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ṣe é fún, pé abẹ́ rẹ̀ níta ni páìpù gbà, òtútù á sì bẹ́ ẹ. Ta ló fetí sí i? Bọ̀ọ̀dá mi nìkan ni. Wọ́n nawọ́ láti àga ẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn lè tún un ṣe.

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò níbẹ̀. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ. Wọ́n tú páìpù abẹ́ ilé náà, wọ́n kó o wọ inú, wọ́n gbé e gba abẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì níbi tí ooru hítà ń gbà kọjá. Wọ́n gbé táǹkì omi náà wọlé, wọ́n fi fóòmù wé e bí ìkókó. Wọ́n ń súfèé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. N kò gbọ́ súfèé yẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, nítorí ọwọ́ mi ni ṣọ́ọ̀ṣì fi kọ́kọ́rọ́ sí. Táàpù kékeré pupa mẹ́ta wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Tí èèyàn bá wà nínú ilé, tí hítà ń ṣiṣẹ́, kò séwu. Ṣùgbọ́n kí o tó tilẹ̀kùn, ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí gbogbo omi dà sílẹ̀. Ṣé o rántí bí piọ́ wọ́tà ṣe máa ń wú nínú fìríìsà tí á fi bẹ́ ọ̀rá? Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa bẹ́ páìpù. Gbogbo iṣẹ́ mi, àwọn mẹ́ta yìí ló gbé e dúró."

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin ìjọ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń pè wọ́n ní Ẹnjiníà. Ẹ̀rín tí bọ̀ọ̀dá mi rín lọ́jọ́ náà, ojú mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Àdúrà àkọ́kọ́ lórí òkè dùn. Koríko funfun níta, omi gbígbóná ń yọ nínú ilé. Bọ̀ọ̀dá mi wà níbi iṣẹ́, wọn ò rí i. Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án Sunday, ìyàwó pásítọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, gbé ọwọ́ lé táǹkì, ó kán òróró sí i, ó gbàdúrà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má da omi náà nù, òun la ó mu tí a bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo wa ṣe àmín.

Àwọn yòókù ń kó ẹrù sí mọ́tò. Mo kúnlẹ̀, mo ti di táàpù àkọ́kọ́ mú nígbà tí Mọ́mì dúró lé mi lórí. Mo ṣàlàyé pé bọ̀ọ̀dá mi ló ní kí n ṣí i, pé omi á dì.

Ó ní, "Sísítà, ìgbàgbọ́ rẹ dà? Omi tí a ti fi orúkọ Jésù bò, òtútù wo ló máa dì í?"

Mo dìde, mo tilẹ̀kùn.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, yìnyín ń dì mọ́ ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ ní Princess Road. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi. Ǹ bá wọ tíráàmù lọ sí Oldham, kí n ṣí táàpù mẹ́ta. N ò lọ. Ẹ̀rù Mọ́mì ń bà mí ju ẹ̀rù òótọ́ lọ.

Nígbà tí a padà débẹ̀, a tan hítà, a bẹ̀rẹ̀ orin. Kò pẹ́ púpọ̀ tí omi fi ń tú jáde lábẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì, ó ń rin Bíbélì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àárín ariwo náà ni bọ̀ọ̀dá mi wọlé, tàwọn taṣọ iṣẹ́. Mọ́mì ní iṣẹ́ gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi ni wọ́n ṣe fún ilé Ọlọ́run. Bọ̀ọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀ sínú omi, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ǹṣì pẹ́, wọ́n fọwọ́ kan táǹkì wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Àbúrò mi, ṣé o ṣí àwọn táàpù yẹn?"

Mọ́mì ń wò mí. Gbogbo ìjọ ń wò mí.

Mo ní, "Mo ṣí wọn, ẹ̀gbọ́n."

Ẹyin lohùn. Mọ́mì tó mọ̀ pé irọ́ ni wo ilẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi rọra mi orí. Wọ́n dìde, aṣọ wọn ń kán tótó, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, síwájú Mọ́mì tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Wọ́n ní kí ìjọ má bínú, ọwọ́ àwọn ni àṣìṣe náà ti wá.

Ṣọ́ọ̀ṣì pe òyìnbó arúgbó kan láti wá tún un ṣe. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wo iṣẹ́ náà títí, ó ní ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́, àṣìṣe kan ṣoṣo ni pé wọ́n fi omi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bi mí bóyá a ti pọn omi tuntun sí i lọ́jọ́ tó tú. Mo ní a ò pọn. Ó ní nígbà náà, omi tí a fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ló ṣì wà nínú táǹkì tó yẹ kó ṣófo, kò sì sí plọ́mbà tó máa fọwọ́ kan táǹkì yẹn tí kò ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọn ò ṣí táàpù.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò rìn rárá kí òótọ́ tó bá a. Bọ̀ọ̀dá mi ti kan táǹkì kí wọ́n tó bi mí. Wọ́n mọ̀, wọ́n fún mi láàyè láti sọ ọ́, nígbà tí n ò sì sọ ọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ nítorí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n béèrè ohun tí òyìnbó náà sọ nípa iṣẹ́ àwọn. Mo ní kò sọ nǹkan kan. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì fi mí ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú àlejò. Mo gbà á.

Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Abọ́ ni mo gbé sábẹ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi wọn. Wọ́n á mu tíì, a ó jọ máa gbọ́ bó ṣe ń kán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n ní, "Pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."