Wọ́n Ti Mú Un Sùn

Òórùn káńfọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, kí n tó yíjú rí bàbá wa. Ó fi aṣọ funfun há abíyá, àáfà abúlé wa tẹ̀ lé e. Ṣebí o mọ ohun tí a ń fi káńfọ̀ àti aṣọ funfun ṣe fún òkú lọ́dọ̀ wa. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnu mi ló fà á.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ló ti fi oko bàbá sílẹ̀, tó wá ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá nígboro, láti Ìpàta sí Post Office. Bàbá ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tẹ ilé òun mọ́, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Agídí bàbá, agídí ọmọ. Ẹni bíni là á jọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló dojú dé nítòsí Gàréèjì Ọ̀fà, tó fi orí gbálẹ̀. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ wú, pé àwọn máa fi oògùn mú un sùn fún ọjọ́ mélòó kan kí ọpọlọ lè sinmi, ẹ̀rọ ni yóò sì máa bá a mí. Mo pe bàbá. Nẹ́tíwọ̀kì abúlé wa kò sì dára rí.

"Bàbá, wọ́n ti mú un sùn."

Bàbá ní, "Ó ti sùn?"

"Ẹ̀n, ó ti sùn," ni mo wí, fóònù sì já.

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá. Ta ni kò mọ̀ pé wọn kì í sọ ikú ọmọ fún bàbá rẹ̀ ní tààrà? Ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń fi bò ó, bàbá sì gbà pé ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Mo fà á wọlé. Ó wo rọ́bà tó wà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó wo àyà tó ń lọ sókè sódò.

"Ta ló ń mí?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò kú."

Ó pe orúkọ rẹ̀. Ó fi ìka họ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀, ibi tí kì í lè mú mọ́ra láti kékeré. Ẹsẹ̀ ò mira. Ọmọ tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún òun, kò lè pàṣẹ fún ọmọ ìka ara rẹ̀. Bàbá bú sẹ́kún. N kò rí omijé rẹ̀ rí, ó sì dùn mí wọra.

"Mo ti yọ̀ǹda rẹ̀ níwájú jàmáà ní mọ́sálásí," ó ń sọ fún àáfà. "Gbogbo ohun tó fi ṣẹ̀ mí ni mo ti fi jì í, kí ilẹ̀ lè gbà á."

Àáfà ní, "Ẹ ò lè gba ìdáríjì náà padà o."

"Ta ló ní mo fẹ́ gbà á padà?"

Ó ní kí àáfà gbé aṣọ náà lọ sílé, òun jókòó. Ọjọ́ kẹfà tí wọ́n dín oògùn kù, tí ojú àbúrò mi là, bàbá ló kọ́kọ́ rí.

Àbúrò mi ti padà sídìí kẹ̀kẹ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan nínú oorun yẹn, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹ̀rù oorun ń bà á. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun á jí i kó tó fara lélẹ̀. Ohun tó sì máa ń sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ ni pé, "Bàbá mi ò dúró kí n kú kó tó dárí jì mí."

Mo máa ń gbọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Òkú ni bàbá dárí jì. Bàbá mọ̀, èmi náà mọ̀, a ò sì ní sọ. Èyí tó ń dà mí láàmú ju ìyẹn lọ ni pé, ká ní mo sọ̀rọ̀ yékéyéké lórí fóònù lọ́jọ́ náà, pé ọmọ yín wà láàyè, ara rẹ̀ ni kò yá, ṣé bàbá ì bá wá? Mo ti rò ó títí. N kò gbà pé ì bá wá.