Ìyá Ẹ̀dà

Wọ́n ní ẹni tó bá mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Èmi ò tètè mọ inú rò, torí mo ti bú obìnrin yìí rí, lójú ara rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀dà là ń pè é ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ìjọba fún àwa agbaṣẹ́ṣe. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń jókòó sẹ́yìn tábìlì kan náà, ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí bébà tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í bímọ. Omi lásán, kò jẹ́ gbà á mu lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Bí ẹ bá kí i káàárọ̀, ẹ̀rù á máa bà yín pé ó fẹ́ lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Káfíńtà ni mí. Lọ́dún yẹn, ọwọ́ mi dilẹ̀ débi pé mo sọ fún ìyàwó mi pé bí n kò bá rí iṣẹ́ ńlá kan kí oṣù tó parí, n ó ta ẹ̀rọ ìfági mi, n ó lọ máa ṣọ́ géètì. Ìgbà náà ni ìjọba ń wá ẹni tí yóò kan tábìlì fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kálukú yóò kọ iye tí yóò gbà, yóò lẹ àpòòwé pa, yóò jù ú sínú àpótí. Ojú gbogbo wa ni wọn yóò ti ṣí i.

Mo ka ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà, mo rí àṣìṣe. Gíga tí wọ́n kọ fún tábìlì àwọn ọmọ kéékèèké, ti àgbàlagbà ni. Tábìlì kúkúrú kì í jẹ pákó púpọ̀, bí èmi nìkan bá sì mọ̀ pé kúkúrú ni wọ́n fẹ́, iye owó tèmi yóò kéré sí ti àwọn yòókù. Mo yọ́ lọ bi Ìyá Ẹ̀dà.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá káfíńtà."

Mo kọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, èsì dé: wọ́n ti dín gíga náà kù. Àmọ́ Ìyá Ẹ̀dà ti fi ìbéèrè mi àti èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń du iṣẹ́ náà! Orúkọ mi nìkan ni kò fi sí i. Mo já wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu mi, ẹ pín in fún ará àdúgbò! Ìkà ni yín!"

"Ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn dé tí ẹ bá ń jáde."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpótí, owó tèmi ṣì ló kéré jù. Wọ́n ní èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Kí n tó mí, agbaṣẹ́ṣe kan tó ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́dọọdún fò dìde. Ó ní òun rí mi tí mò ń yọ́ wọ ọ́fíìsì yìí, wọ́n ti sọ àṣírí fún mi, kí wọ́n fagi lé e. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ṣí àpótí ń wo ara wọn lójú. Lóòótọ́ sì ni mo yọ́ wọlé.

Ìyá Ẹ̀dà gbé fáìlì kalẹ̀: lẹ́tà mi, èsì rẹ̀, àti ibi tí àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti buwọ́ lù ú pé a gbà á.

"Ṣé ọwọ́ yín kọ́ rèé, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni wò ó, ó jókòó. Iṣẹ́ dúró sí mi lọ́wọ́.

Mo sáré tẹ̀lé Ìyá Ẹ̀dà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ foríjì mí. Mo bú yín."

"Ká ní ẹ̀yin nìkan ni mo dá lóhùn lọ́jọ́ yẹn," ló wí, "kí ni ǹ bá gbé kalẹ̀ fún yín lónìí?"

Mo dúró síbẹ̀, èmi onírùngbọ̀n, mò ń dúpẹ́, mo sì ń sunkún.