Ta Ló Ni Karimat?

Àyà mi ti ń já nítorí Karimat kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá péré. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé ní Bẹẹrẹ. Tíṣà wọn ló sọ fún wọn pé wọ́n ti fẹ́ gé igbó tán, pé akika, ẹranko onípẹ́ tó máa ń ká ara ẹ̀ bí òṣùká, ti fẹ́ run. Ni Karimat bá ya akika sára agolo mílíìkì, ó ní òun á máa tọrọ owó kiri, kí wọ́n lè gba àwọn tó máa ṣọ́ igbó síṣẹ́.

Mo ní, "Karimat, ayé le o."

Ó ní, "Àǹtí, akika ò kúkú lẹ́nu tó máa fi bẹ̀bẹ̀." Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ!

Ó tiẹ̀ lọ bá Ìyá Muhydeen, tó ń ta lékúlejá, èròjà oògùn ìbílẹ̀, ní Ọjà'ba, pé kí wọ́n má ta ìpẹ́ akika mọ́. Ìgbálẹ̀ nìyá yẹn fi lé e.

Sátidé tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí mo ti ń ta bọ́tìnnì, mo gbọ́ "Ẹ mú un!" Mo sáré jáde. Karimat ni wọ́n ká mọ́! Ọmọ yìí máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá fún un lówó sínú ìwé, kó lè fi dúpẹ́. Ọlọ́kadà kan ló ń ju ìwé náà sókè: "Ó gbowó wa, ó tún kọ orúkọ wa! Wọ́n fẹ́ fi wá ṣòògùn owó! Ta ló lọmọ yìí? Òun àti ẹni tó ni ín la máa dáná sun!"

Ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀.

Subuhanallahi! Karimat rí mi láàárín èrò, ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo fẹ́ sọ pé ọmọ mi ni. Mo tún wo táyà yẹn. Ọlọ́hun rí mi, mo dákẹ́.

"Èmi ni mo lọmọ yìí!" Ìyá Muhydeen ló ń ti èèyàn sọ́tùn-ún sósì. "Ẹni tó bá fẹ́ sun ún, èmi ni kó kọ́kọ́ sun!" Ta ló fẹ́ bá lékúlejá fa wàhálà? Wọ́n ń yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba ìwé, ó fa Karimat wá bá mi, kò sì wo ojú mi.

Láàárọ̀ yìí, tíṣà ránṣẹ́ pé kí Karimat mú ìyá ẹ̀ wá. Mo ti wọ ìborùn mi tán.

Karimat ní, "Àǹtí, ẹ máa jókòó." Ọ̀dọ̀ Ìyá Muhydeen ló gbà lọ.